Ìlà Èédú Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Lóṣù kan ní ọdún 2025, mo mú èédú kan nídìí ààrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fàlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ní Òjòó, nílùú Ìbàdàn. Ìyá àwọn ọmọ mi rò pé gbèsè ni mo ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi tó ń ta ẹ̀kọ ṣe máa ń fàlà sára ògiri bí oníbàárà bá rajà àwìn, tí wọn yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ti ń wọlé. "Ta ló jẹ wá lówó, bàbá wọn?" Mo ní kò sẹ́ni tó jẹ wá. Bọ́ọ̀lù ni mo ń kà.

Òfin tí mo fi dè é kò le. Bí mo bá jókòó ti ìdíje kan lórí dẹ̀kódà tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù, láti ìgbà tí rẹfirí fun fèrè àkọ́kọ́ títí dé fèrè ìgbẹ̀yìn, ìlà kan. Bí mo bá sùn lọ sórí àga kí wọ́n tó ti ìsinmi dé, kò sí ìlà. Bí iná bá lọ ní ìdajì eré, tí mo yẹ inú jẹnẹrétọ̀ wò, tí mo rántí iye tí wọ́n ń ta lítà epo kan, tí mo sì rọra lọ sùn, kò sí ìlà. Ọjọ́ tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìlà mẹ́fà ni.

₦19,000 ni mo san fún oṣù náà, iye tí DStv Compact di láti oṣù Kẹta ọdún 2025. Ẹ pín in sí mẹ́fà: ó lé ní ₦3,100 lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, a ò tíì ka iná mọ́ ọn. Ohun tó tún dùn mí jù ú lọ ni pé nígbà tí mo ka orúkọ àwọn ikọ̀ tó gbá ìdíje mẹ́fà yẹn, n kò rí Shooting Stars, Ṣúùtìn tiwa, níbẹ̀, n kò rí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, n kò rí ikọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn láìgba físà. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí bàbá mi gbé kọ́rùn lọ wo Ṣúùtìn kí n tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà!

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu. Owó dẹ̀kódà tí à ń san, oṣù là ń fi rà, a kì í fi ra bọ́ọ̀lù. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n tà fún wa. Ọjọ́ tí a lọ síbi òkú, ọjọ́ tí a há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìwó Road títí ilẹ̀ fi ṣú, ọjọ́ tí ara ò yá, gbogbo rẹ̀ la ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ilé wa ni tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ bí Ṣúùtìn ṣe ṣe sí lọ́jọ́ Àìkú, dẹ̀kódà tí mo ń sọ yìí kò ní nǹkan kan fún un láti ọdún 2017.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé 2017 yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Láti ọdún 2007 ni SuperSport tó wà lórí DStv ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé líìgì ilẹ̀ wa sí afẹ́fẹ́. Ẹ ó rántí: ọjọ́ Àìkú, kámẹ́rà á wà ní pápá Adámásìngbà, a ó máa wá ojú ara wa láàárín èrò. Ẹnì kan ní àdúgbò wa ra fìlà pupa kan torí kí àwọn ará ilé lè tètè dá a mọ̀. Ní 2017, àdéhùn náà fọ́, wọ́n kó kámẹ́rà wọn lọ. Líìgì wa wá dà bí ọmọ tí kò rílé gbé: àdéhùn dé, àdéhùn lọ, ọdún ń gorí ọdún. Ó di sáà 2023/2024 kí StarTimes tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdíje líìgì náà, NPFL, hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù kan tí wọ́n pè ní NPFL Live jáde fún àwọn tó fẹ́ẹ́ wò ó lórí fóònù. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, ọmọ Ìbàdàn tó ń sanwó dẹ̀kódà olówó ńlá nítorí "bọ́ọ̀lù", bọ́ọ̀lù ará ibòmíì ló ń rà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo Arsenal. Ọmọ mi ọkùnrin á lé mi jáde nílé. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí a ń rà.

Owó náà sì ń sáré ju ẹsẹ̀ wa lọ. Compact tí mo ń wí yìí, ₦12,500 ni kí oṣù Karùn-ún 2024 tó wọlé. Ó di ₦15,700. Kò pé ọdún kan, ó di ₦19,000. Premium, tí í ṣe ọ̀gá wọn, kúrò ní ₦29,500, ó fò sí ₦37,000, ó gúnlẹ̀ sí ₦44,500. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù tó kéré jù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gba ₦80,000. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá san Premium, ó ti ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ, kó tó ra gààrí. GOtv tí a sọ pé ti mẹ̀kúnnù ni náà ò dúró lójú kan: Supa Plus rẹ̀ di ₦16,800 ní oṣù Kẹta yẹn kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Àbújá bu ìtanràn ₦150 mílíọ̀nù lé MultiChoice tó ni DStv àti GOtv, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé wọ́n fi owó kún owó nígbà tí ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dúró ná. Oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, owó tún gòkè. Àwọn ènìyàn ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń já wáyà ni: láàárín oṣù Kẹta 2023 sí oṣù Kẹta 2025, ilé iṣẹ́ náà pàdánù oníbàárà tó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún (1.4 mílíọ̀nù) ní Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba àkóso rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń rò pé ìwọ nìkan ni owó dẹ̀kódà ń dà láàmú ní Òjòó, fọkàn balẹ̀. Ẹ pọ̀.

Kò sí ìtakora tó burú tó kí ìlú wa máa sanwó kó tó lè wo tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni WNTV pe ara rẹ̀ (àwọn ará Mòrókò lè bá wa jiyàn díẹ̀ lórí ìyẹn). Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ènìyàn nílò kò ju tẹlifíṣọ̀n àti àńténà lọ. Àwa tí a dàgbà ní ọdún 1980 sókè mọ bí ó ṣe rí: ọ̀pá oparun gígùn lẹ́yìnkùlé, àńténà lórí rẹ̀, ọmọdé kan nídìí ọ̀pá tí ń yí i, ẹnì kan lójú fèrèsé tí ń pariwo. "Ṣé ó ti dáa?" "Kò tíì!" "Ńkọ́ báyìí?" "Dúró! Dúró níbẹ̀! Má mira!" Ọmọ tó di ọ̀pá mú yìí ò wá rí bọ́ọ̀lù wò. Èmi ni ọmọ náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà yẹn, ohun tó wà láti wò tó wò. IICC Shooting Stars ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn ní 1976, nígbà tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, Múdà Lawal wà níbẹ̀, Best Ogedegbe sì ń ṣọ́ ilé. Rashidi Yekini náà wọ aṣọ Ṣúùtìn kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1992, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ife CAF sílẹ̀, Ṣúùtìn náà ló kọ́kọ́ gbé e. Ẹgbẹ́ Villa ti Ùgáńdà ni wọ́n nà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti gba líìgì ilẹ̀ wa, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni 1998. Bẹ́ẹ̀ ni, 1998. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń bímọ. Mo mọ̀ pé èyí wà lára ohun tó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sídìí Chelsea. Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa da gbogbo ẹ̀bi sórí dẹ̀kódà.

Ṣùgbọ́n dẹ̀kódà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí a kọ̀ láti gbọ́. Ẹ rántí HiTV. Ní 2007, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà yìí lọ gba ẹ̀tọ́ Premier League lọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tó ni DStv nígbà náà. Gbogbo wa sáré lọ ra dísì tuntun àti dẹ̀kódà tuntun, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà. Ní 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ padà sọ́wọ́ SuperSport. Ní 2011, HiTV wọlẹ̀. Títí dòní, ẹ ó rí dísì wọn ní àdúgbò wa: wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi ń sá ata. Ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù a máa ṣí kiri bí Fúlàní darandaran. Àwa tí a ra dísì la máa ń dúró sójú kan.

Ó tún ṣẹlẹ̀ níwájú wa ní ìgbà ife ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù Kìíní 2024. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìdíje, MultiChoice kéde pé àwọn ò ní í gbé e, nítorí New World TV, ilé iṣẹ́ kan ní Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò, ló ra ẹ̀tọ́ náà. Tógò! Ẹni tó ti san owó oṣù sílẹ̀ nítorí Super Eagles la ojú sílẹ̀ láì mọ ohun tí yóò ṣe. Wọ́n padà bá ara wọn sọ̀rọ̀, a rí i wò, a sì jìyà lọ́wọ́ àwọn onílé ní àṣekágbá pẹ̀lú 2 sí 1. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ fura pé owó tí mo ń san kò bá mi ra ìdánilójú kankan.

Mo já dẹ̀kódà lẹ́yìn ìlà mẹ́fà náà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, dáadáa rẹ̀ àti ibi tó ti ta mí lára.

Ibi tó kọ́kọ́ ta mí lára kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ìyá àwọn ọmọ mi ló bi mí pé, "Bọ́ọ̀lù yín lẹ ní ẹ ń já, ṣé wọ́n ní kí ẹ já Africa Magic mọ́ ọn?" Ẹjọ́ mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ já wáyà nílé tí ìyàwó wà, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun náà ń wò. Ìyàwó mi bínú fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọbìnrin wa àgbà so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ṣí YouTube, fíìmù Yorùbá tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn gan-an sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré wa ti kó iṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò béèrè dẹ̀kódà mọ́. Dátà ló ń béèrè.

Dátà náà lówó tirẹ̀, kí n má parọ́. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun yóò máa wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù lójoojúmọ́ kí òun lè rí owó fi pa mọ́, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó kúrò lọ́wọ́ òsì ni. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń fa àwòrán wálẹ̀ sí 480. Lójú fóònù, kò burú. Ojú mi kúkú ti ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní irú ìwọ̀n yẹn, ìdíje kan kì í jẹ ju gígábáìtì kan àti ààbọ̀ lọ. Bí o bá fi sílẹ̀ kí fóònù yan èyí tó mọ́ jù fúnra rẹ̀, á jẹ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, á sì tún dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba pẹ́náítì. Dátà òru tó pọ̀yanturu yẹn ò wúlò fún líìgì wa. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Ṣúùtìn sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú.

Nípa ti StarTimes, ohun kan ló wù mí nínú ètò wọn tí n kò rí lọ́dọ̀ àwọn olówó ńlá: o lè san owó ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí garéèjì Òjòó ló fi hàn mí. Dẹ̀kódà rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí Ṣúùtìn bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níta, tó sì gbọ́ pé wọ́n á fi hàn, á san ti ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, àwọn aládùúgbò á sì kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn ju ti gbogbo àwa tá a ń san ti oṣù lọ. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ fẹ́ fi dẹ̀kódà olówó ńlá rẹ̀ sílẹ̀ lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: kó má ṣe máa san án lóṣù Kẹfà àti oṣù Keje nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun bá wà ní ìsinmi. Ó yà mí lẹ́nu bí a ṣe pọ̀ tó tí à ń sanwó bọ́ọ̀lù lóṣù tí kò sí bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan ní Òjòó ní ọ̀nà mìíràn. Ilé kan á san, wọ́n á wá fa wáyà kọjá òrùlé lọ sí yàrá mẹ́fà. Bí onílé bá yí ìkànnì, gbogbo yàrá yí. Àwọn mìíràn ń lo áàpù tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ọdún 2022 lòdì sí irú áàpù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: mo gbìyànjú ọ̀kan nínú àwọn áàpù yẹn. Ìpolówó tẹ́tẹ́ bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, dátà mi tán kí ẹnikẹ́ni tó gbá góòlù, fóònù mi sì gbóná débi tí mo fi gbé e sórí tábìlì. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń sá sí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní viewing. Òjòó kò tó nǹkan kan bí kò bá sí wọn. Àdúgbò tí Ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìwó Road àti ọ̀nà Yunifásítì ti pàdé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Àjíbọ́dẹ, àwọn alápatà láti Ṣáṣá, àwọn onímọ́tò àti àwọn ọlọ́jà jùmọ̀ ń gbé, àfi kó ní ibi tí wọn yóò ti jùmọ̀ pariwo. Èyí tí mo máa ń lọ, pàánù ló bò ó, bẹ́ǹṣì onígi ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn ikọ̀ tí yóò pàdé sára pátákó dúdú níta, tòun ti agogo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yìí ni wọ́n máa ń kọ bó ṣe dùn létí wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó ìwọlé kì í ju ₦200 tàbí ₦300 lọ. Bí mo bá fi ₦300 ṣírò ìdíje mẹ́fà mi, ₦1,800 ni. Jẹnẹrétọ̀ tiwọn ni, epo tiwọn ni. Ooru inú rẹ̀ nìkan ni tèmi.

Kí n sọ ohun tí kò dáa níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan fara ti ilé ìwòran náà bí ìbejì. Mo ti rí ọmọkùnrin tó fi ₦300 wọlé tó sì ti fi ₦3,000 ta tẹ́tẹ́ kó tó jókòó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dín owó kù rárá. Bí o bá já dẹ̀kódà tí owó rẹ̀ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́, mo bẹ̀ ọ́, padà lọ so dẹ̀kódà rẹ.

Rédíò ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Móníyà kò jìnnà sí Òjòó, ibẹ̀ sì ni Amúlùdùn 99.1 FM ti ń sọ̀rọ̀ sí wa ní Yorùbá láràárọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní ètò eré ìdárayá ní èdè wa, níbi tí wọ́n ti ń tú Ṣúùtìn palẹ̀ bí ẹni ń tú ewédú. Bí ọ̀kan bá gbé ìdíje láti pápá, mo máa ń gbádùn rẹ̀ ju àwòrán lọ. Olùṣàpèjúwe tó mọṣẹ́ lè mú kí ikọ̀ tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ ogun. Oníròyìn rédíò kan, Ernest Okonkwo, ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Èwo nínú àwọn ìkànnì tí à ń sanwó fún ló sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Bátìrì méjì, mo ti wà ní pápá.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wí ti gidi, ibi tí bọ́ọ̀lù ilé wa ti rọrùn jù láti wò ni ibi tí wọ́n ti ń gbá a. Mo kọ́kọ́ padà sí Adámásìngbà lẹ́yìn ọdún tí n kò lè kà. Mo wọ Maikírà ní Òjòó, a kọjá Òróògùn, a kọjá Agbowó, awakọ̀ já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níwájú UI, ó gba Ṣáńgo dé Mọ́kọ́lá, mo fẹsẹ̀ rìn yòókù. Kí n tó dé geètì ni mo ti ń gbọ́ ìlù. Pápá Adámásìngbà yìí, tí wọ́n ń pè ní pápá ìṣeré Lekan Salami, tí wọ́n fi orúkọ àgbà ọ̀rẹ́ Ṣúùtìn náà sọ, kì í ṣe ńlá. Ó lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn. Ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákíndé tún un ṣe. Mo jókòó sítòsí ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀pà, tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù, tó sì ń bú adẹ́yìnmú apá òsì bí ọmọ inú ilé. "O ò jẹun láàárọ̀ ni?" Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ. Mo rí i tó wojú wá. Ẹ wo DStv Premium, ẹ wo gbogbo ₦44,500 rẹ̀, kò sí agbábọ́ọ̀lù kan nínú rẹ̀ tí yóò gbọ́ bí ẹ bá pè é.

Àwọn èrò ń kígbe "Up Shooting!" Ọ̀kan lára ọmọ mi tí mo mú dání, tí kò mọ ẹlòmíràn ju Saka ti Arsenal lọ, béèrè orúkọ ẹni tó wọ nọ́ńbà 10. Owó ọkọ̀ wa àwa méjèèjì lọ àti bọ̀, owó ìwọlé, ẹ̀pà àti omi tútù, kò tó ìdá mẹ́ta owó Compact. Láàárín wákàtí mẹ́rin, a ti padà dé Òjòó, ohùn mi sì ti há.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ fi bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ti tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́. Àńténà mi ṣì ń mú NTA Ìbàdàn, ó ń mú BCOS láti Baṣọ̀run, ó ń mú Galaxy, ṣùgbọ́n àwòrán náà a máa ṣe bí ẹni wà nínú òjò. Láti ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò FreeTV, tí àwòrán mímọ́ kedere yóò fi wọlé láìsí owó oṣù. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìlọrin rí i ní 2017, Òṣogbo rí i ní 2018, Èkó ní 2021. Ìlú tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959 ló wá ń wo ẹ̀yìn Òṣogbo. BCOS jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Shooting Stars jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Pápá Adámásìngbà jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni kan náà ló ni kámẹ́rà, tó ni agbábọ́ọ̀lù, tó tún ni koríko. Kí ẹgbẹ́ náà, ilé iṣẹ́ náà àti àwọn tó ni líìgì jókòó, kí wọ́n wá ọ̀nà tí ọmọ Ìbàdàn yóò fi máa rí ìdíje ilé wò lórí àńténà lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ lálẹ́ lẹ́yìn tí pápá bá ti tú. A ò ní kí wọ́n bá wa ra Premier League.

Mo ṣì ń fàlà. Oṣù tó kọjá, ìlà mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: Adámásìngbà méjì, rédíò méjì, ilé ìwòran mẹ́ta, fóònù kan. Ó ju ti ìgbà tí mo ń san ₦19,000 lọ. Dísì náà ṣì wà lórí pàánù, ẹyẹ ti ń yé sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi sá ata kó wá mú un, àmọ́ kó gbé àkàbà tirẹ̀ dání.